Ṣé Ìrìn Lè Pa Ṣúgà Rẹ́?

Ẹ̀yin ará, àwọn kan máa ń sọ fún wa pé, “Pásítọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń rìn wá sí ìsìn, àtọ̀gbẹ kò lè ṣe wá.” Ìrìn dára, ó ń ran ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọ̀pọ̀ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 35cl ló ní ṣúgà tó tó ṣíbí tíì 9. Kíá la ó mu ún tán; ìrìn kíákíá fún nǹkan bí ìdajì wákàtí ni yóò jó o tán. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà òòjọ́ àgbàlagbà má tó ṣíbí 12. 6 ló sàn jù. Níbi ìkómọ, ta ló ń mu ìgò kan ṣoṣo?

Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣètò àlejò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé omi tútù kalẹ̀, kí ojú má baà ti alátọ̀gbẹ láti béèrè.