Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń So Ìlà Mọ́ Ìlà

Ẹni tó bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lè rí apẹja tó jókòó ti àwọ̀n rẹ̀ létí ọ̀sà, tó ń wá ibi tó já. Kì í wo àwọ̀n lókèèrè. Ìka ló fi ń tọ okùn láti ìso kan dé òmíràn, nítorí ojú èèyàn lè má rí ìso tó tú, àmọ́ ẹja á rí i. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí jọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é: bí a ṣe ń kọ ìwé àṣẹ tí AutoCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, á fi so ìlà gbọọrọ àti ìlà títẹ̀ pọ̀, tí wọn á fi di ẹyọ kan.

Ká ní sọ́fẹ́yọ̀ kan fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ ọjà náà. Ẹ̀gbẹ́ títì gún dáadáa, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ń wọlé, ó ń jáde. Ká sọ pé ìlà gbọọrọ 18 àti ìlà títẹ̀ 9 ló fi yí ọjà náà ká. Lójú ẹni tó ń wo ìwé, ilẹ̀ kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun 27 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí èyí tó mọ èkejì rẹ̀. Bí sọ́fẹ́yọ̀ bá bi í pé báwo ni ilẹ̀ yìí ṣe fẹ̀ tó, kò sí ilẹ̀ tó máa wọ̀n, ìlà ló wà níbẹ̀. Àfi tí gbogbo wọn bá di ohun tí AutoCAD ń pè ní polyline, tí òpin rẹ̀ sì padà wá pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ló wá le nínú síso wọn pọ̀? Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń tọ́jú wọn ni. Ní ti ìlà gbọọrọ, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ló kọ sílẹ̀. Ní ti ìlà títẹ̀, kò kọ méjèèjì. Ohun tó kọ ni àárín òbíríkítí tí a ti gé e, ìwọ̀n láti àárín yẹn dé etí, àti igun méjì: èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Nígbà tó bá fẹ́ mọ ibi tí orí ìlà náà wà gan-an, ó ní láti ṣírò rẹ̀. Nǹkan bí díjíìtì 16 ni ìṣirò yìí lè gbé, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́ sì jìnnà tó mítà tó lé ní 700,000 sí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí ka ibi tó wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ díjíìtì ti lọ sínú nọ́ńbà ńlá yẹn kó tó kan ìdá kékeré. Ẹ fi ti èèyàn kún un: ìwé ìwọ̀n tí wọ́n gé nọ́ńbà rẹ̀ sí mìlímítà, àti ọwọ́ ayàwòrán tó fi ojú díwọ̀n ibi tí ìlà méjì ti pàdé. Àlàfo wọ àárín wọn tí ojú kò ní rí láéláé.

Bí ìlà títẹ̀ ṣe ń wọ inú polyline wù mí púpọ̀. Ẹ ronú nípa ọrun ọdẹ. Okùn tó gún láti ẹnu kan dé èkejì ni ọsán. Igi tó tẹ̀ ni ọrun. Polyline kò tọ́jú àárín òbíríkítí mọ́. Orí méjèèjì ọsán ló ń tọ́jú, pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ bulge. Bí a ṣe ń rí i nìyí: ẹ wọn bí ikùn ọrun ṣe jìnnà sí àárín ọsán, kí ẹ fi ìdajì gígùn ọsán pín in. Bí ọsán bá gùn ní mítà 20, tí ikùn ọrun sì jìnnà sí i ní mítà 5, bulge jẹ́ 0.5. Bó bá jẹ́ mítà 10, ó di 1, ìdajì òbíríkítí gééré. Bó bá jẹ́ 0, ọrun ti dọ̀pá nìyẹn, ìlà gbọọrọ lásán ni. AutoCAD máa ń tọ́jú ìlà títẹ̀ lódìkejì ọwọ́ aago, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Tí ìrìn ààlà bá wá gba ibẹ̀ kọjá láti òpin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà náà á di òdì, kí ikùn ọrun má baà yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

AutoLISP ni èdè tí a fi ń kọ ìwé àṣẹ náà. Ó wọ inú AutoCAD ní 1986, láti ìdílé LISP tí John McCarthy ti gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958. Ìwé náà kì í gùn. Ó ń fi iṣẹ́ tó ń jẹ́ ssget ṣa ìlà gbọọrọ, ìlà títẹ̀ àti polyline nìkan, kó má baà kó ọ̀rọ̀ àti àmì mọ́ wọn. Ó ń yí ètò tó ń jẹ́ PEDITACCEPT sí 1, kí ẹ̀rọ má baà dúró béèrè bóyá kó sọ wọ́n di polyline. Lẹ́yìn náà ló ń pe àṣẹ PEDIT, ó ní kó so wọ́n pọ̀, ó sì fún un ní nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ fuzz: bí àlàfo ṣe lè fẹ̀ tó kó ṣì gbà pé wọ́n pàdé. Tó bá parí, ó dá PEDITACCEPT padà sí bó ṣe bá a.

Orí fuzz yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àlàfo bá kéré jù ú lọ, ẹ̀rọ lè fa orí ìlà méjèèjì kí wọ́n kan ara wọn, tàbí kó fi ìlà kékeré dí i. Mo mọ ìdí tí àwọn kan fi ń kọ 1 síbẹ̀: gbogbo nǹkan á so, iṣẹ́ á yá. Àmọ́ ẹ ronú nípa ìsọ̀ méjì tí wọ́n fi ọ̀nà tóóró tí kò tó mítà kan sílẹ̀ láàárín wọn, ibi tí ìyá ẹlẹ́ja ń ru abọ́ àrọ̀ gbà kọjá. Fuzz mítà 1 lè pa ọ̀nà yẹn rẹ́ nínú àwòrán. Ó sì lè ṣí igun ilẹ̀ kúrò níbi tí òpó ààlà dúró sí, èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, 0.005 mítà ti tó fún ààlà ilẹ̀. Àlàfo tó bá ju ìyẹn lọ, kí èèyàn padà lọ wo ìwé ìwọ̀n.

Nígbà míì, fuzz kọ́ ló ń dí ìsopọ̀ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé orí ìlà kan ga ju èkejì lọ. Ó lè jẹ́ ìlà méjì tó sùn lé ara wọn. Àṣẹ OVERKILL ló ń kó ìyẹn kúrò. Èyí tó le jù ni oríta mẹ́ta, níbi tí ìlà mẹ́ta ti pàdé: ìwé àṣẹ kò lè mọ èwo ni ààlà, èwo ni ọ̀nà. Èèyàn ló máa sọ fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ayàwòrán ilẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ fuzz tí ẹ lò sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín mọ ibi tí ẹ̀rọ ti fa ìlà.