Àmì dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀: bí a bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ló ń yè

Ẹ̀yin ará wa ní Ita-Djèbou, ní Sakété àti ní Pobè, bí ẹ̀gún bá gún èèyàn lóko, a máa ń fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, a ó fi àdín ra ojú ibẹ̀, ó parí. Àmọ́ àmì dúdú kan wà tó máa ń jọ ojú ẹ̀gún, tí kì í ṣe ẹ̀gún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà dun èèyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi í sílẹ̀. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Lédè Faransé, wọ́n ń pè é ní mélanome acral.

Ọ̀pọ̀ mélanome máa ń mú àwọn òyìnbó, oòrùn sì wà lára ohun tó ń fà á. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń jáde sí, níbi tí oòrùn kì í pa. Kò wọ́pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n nínú àwa aláwọ̀ dúdú, òun ni mélanome tó pọ̀ jù.

Gbogbo wa la mọ Bob Marley, olórin Jàmáíkà. Ní 1977, wọ́n rí jẹjẹrẹ yìí lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá. Àwọn kan ti rò pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ló ṣe é léṣe. Àwọn dókítà ní kí wọ́n gé ìka náà, kò gbà, nítorí ẹ̀sìn Rasta tó ń ṣe. Díẹ̀ ni wọ́n gé kúrò. Ní oṣù kẹsàn-án 1980, ó ṣubú níbi tó ti ń sáré ní New York. Jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ. Ó kú ní Miami ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1981, ọmọ ọdún 36. Kò sẹ́ni tó lè búra pé bí wọ́n bá gé ìka yẹn, ì bá yè. Ohun tó dájú ni pé ìgbà tó wà ní ìka nìkan ni ọ̀nà ṣì pọ̀.

Ta ló wá máa ń yè? Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní pronostic nìyẹn. Kì í ṣe ifá. Iye èèyàn ni wọ́n ń kà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ìwé àwọn 1413 tó ní irú mélanome yìí wò, láti 1986 sí 2005. Nínú 100, lẹ́yìn ọdún 5, àìsàn náà kò tíì pa bíi 80. Lẹ́yìn ọdún 10, ó ku bíi 67. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ti lo ọdún 5 kò gbọdọ̀ pa àyẹ̀wò tì, torí ó lè padà wá.

Ohun tó ń pín àwọn tó yè àti àwọn tí kò yè ni bó ṣe jìn tó nínú awọ. Dókítà Alexander Breslow ló fi hàn ní 1970. Bí kò bá tíì jìn ju mìlímítà 1 lọ, wọ́n á gé e, ọ̀pọ̀ jù lọ á sì yè. Bó bá ti dé kókó tó ń wú níbi tí itan ti pàdé ikùn, ó ti le. Bó bá dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ, díẹ̀ ló ń yè. Oògùn tuntun wà lóòótọ́, àmọ́ ó wọ́n gan-an, kì í sì í ṣiṣẹ́ lára irú yìí tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn yòókù.

Kí ni ká máa wò?
- Àmì dúdú tó ń fẹ̀ sí i, tí etí rẹ̀ kò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.
- Ìlà dúdú lórí èékánná kan ṣoṣo, tó ń gbòòrò, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti tàn dé awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná.
- Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò jiná, kódà bí kò bá dúdú.

Ẹ má fòyà o: ìlà dúdú lórí èékánná púpọ̀, tó ti wà látọjọ́ pípẹ́, kì í sábà jẹ́ nǹkankan lára wa.

Ẹ má fi abẹ gé e nílé, ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi ewé bò ó fún oṣù mélòó kan. Ẹ lọ sí centre de santé, kí wọ́n júwe yín sí hôpital de zone ní Sakété tàbí Pobè. Dókítà awọ ara wà ní CNHU ní Kutọnu. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èyí nìkan ló lè sọ òótọ́. Ará Pobè ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ulcère de Buruli: òun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdunni, ẹni tó bá tètè dé sì ni ìtọ́jú rẹ̀ ń rọrùn fún.

Lálẹ́, lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè síbi iná. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà ò bá lè tẹ̀ mọ́, kí ọmọ bá wọn wò ó.