Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Òrùka fàdákà alágbèélébùú tó gbòde kan

Níbo ni àgbélébùú ẹlẹ́nu mẹ́jọ ara òrùka wọ̀nyí ti wá?

1. Àmì àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin Yúróòpù ayé àtijọ́ ni. Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ ló ni ẹlẹ́nu mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ Templar, ẹgbẹ́ ajagun mìíràn, ló ni àgbélébùú pupa. Wọ́n tú Templar ká ní 1312. Ní Pọtogí, Ẹgbẹ́ Kírísítì jogún dúkìá wọn ní 1319, àmì rẹ̀ sì di ti ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi Pọtogí.

2. Ó kan ilé wa náà. João de Barros, òpìtàn Pọtogí, kọ ọ́ pé bí ọba tuntun bá jẹ ní Ìbíní, ọba ńlá kan, Ogané, a fi ọ̀pá, ìborí àti àgbélébùú idẹ tó jọ ti Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ ránṣẹ́ sí i. Ìránṣẹ́ ọba Ìbíní a sì gba kékeré irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Ogané; àwọn kan ń jiyàn.

3. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òrùka náà: wọ́n á fi ìda gbẹ́ ẹ, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, iná á yọ́ ìda dànù, fàdákà á gba ipò rẹ̀. Fàdákà lásán rọ̀ jù, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi bàbà díẹ̀ lú u. Ìtumọ̀ 925 tó wà nínú òrùka ni pé 92.5% rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Dúdú inú kòtò àmì náà kì í ṣe ìdọ̀tí o. Èròjà onímí-ọjọ́ ni wọ́n fi pa á dúdú kí àgbélébùú lè yọ síta.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́.