Ìmọ́tótó Kì í Ṣe ti Ọjọ́ Sátidé Nìkan

Ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, bí Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù bá ti dé, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì a jáde. Baálé ilé tí kò gbá ilẹ̀ láti ìgbà tí oṣù ti lé a gbé ìgbálẹ̀, wọn a kó ẹrẹ̀ dúdú inú gọ́tà jọ sí etí ọ̀nà, wọn a sì wẹ ọwọ́. Nígbà tí yóò bá fi di Ọjọ́rú, ọmọdé ti tẹ òkìtì náà fọ́n ká, ọkọ̀ ti gùn ún kọjá, ó sì ti padà sí inú gọ́tà tí wọ́n ti kó o jáde.

Ó ti pẹ́ tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1984 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari àti igbákejì rẹ̀, Tunde Idiagbon, gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù keje ọdún 1985 ni wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìjọba wọn fi dópin, ṣùgbọ́n Sátidé ìmọ́tótó kò bá wọn lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òpin sí tiwọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ní Kánò àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ṣì wà. Kò sí àní-àní pé ó ṣe rere. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti máa gbá ilẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù wọlé-wọlé. Bí wọlé-wọlé bá ti kọjá, ìgbálẹ̀ a padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ sójà ni Yorùbá ti kọ́ ilẹ̀ gbígbá. Ọmọ tí a bí sí agbo-ilé ní Ọ̀ṣogbo tàbí ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí òun ti kí àgbà, ìgbálẹ̀ ni ó kàn kí oúnjẹ tó kàn. Ohun tí ó mú àṣà náà dúró láti ọdún dé ọdún ni pé ó so mọ́ ìdájí, ìdájí kì í sì í ṣaláì dé. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá dé ìdálẹ̀, tí ó gba yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, okùn yẹn a já. Ta ni ó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ta ni ó ni ojú gọ́tà? Èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í sábà ní olówó rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí ó rọrùn: kí ìgbálẹ̀ ilé jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹni tí ó bá gbá ilẹ̀ lónìí gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá jí bá ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò tún ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá òun ni ó kàn. Àwọn ayálégbé kan yóò ṣì jà, ṣùgbọ́n ìjà náà kò ní jẹ́ nípa ẹni tí ó kàn.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni ó gba ìrònú jù ní Òkè Ọya. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, òjò kì í sábà rọ̀ ní Kánò tàbí Kàtsínà. Gọ́tà a gbẹ, ojú a sì fò ó. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ìyanrìn àti eérú ń kún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi bá ọ̀nà ní dídí. Omi tí kò rí ọ̀nà a wọ yàrá, a wọ kànga, a sì gbé ìdọ̀tí ṣáláńgá lọ́wọ́. Àwọn tí ó ti dàgbà ní Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí Odò Ògùnpa kún tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju 200 lọ. Pàǹtí tí wọ́n dà sí ojú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tí ó dínà mọ́ omi. Ní ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, àwọn tí wọ́n fura pé àrùn onígbáméjì mú ní Nàìjíríà ju 100,000 lọ, àwọn tí ó kú sì ju 3,500 lọ. Bauchi, Kánò àti Jigawa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jìyà rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ onígbáméjì ní oṣù kẹjọ, inú ọyẹ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi gbígbìn. Ní oṣù keje, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, àwọn ènìyàn ńlá a gbin igi, wọn a sì ya àwòrán. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi dé, ewúrẹ́ ti jẹ ìdajì, oòrùn a sì pa ìyókù. Dóńgóyárò, tí wọ́n ti ń gbìn ní Borno láti ọdún 1928, kò bẹ̀rù ọ̀dá bí ó bá ti dàgbà. Ìgbà èwe rẹ̀ ni ó nílò olùrànlọ́wọ́. Omi tí ìyàwó ilé fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́, tí kò ní ọṣẹ nínú, tó láti gbé igi kékeré kan la ẹ̀ẹ̀rùn já, bí ẹ̀gún bá yí i ká nítorí ẹran. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ra omi fún igi lọ́wọ́ àwọn tí Hausa ń pè ní mai ruwa.

Ní ti ilé ìdáná, ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi mọ́jú a tètè jinná ju èyí tí a kò rẹ lọ, igi ìdáná a sì dín kù. Ọ̀rọ̀ ewé ṣòro díẹ̀: ewé mọ́ínmọ́ín láti gúsù ni ó ń wá, owó rẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n agolo àti abọ́ kékeré tí ó ṣeé fọ̀ wà, ó sì sàn ju ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ń lọ ra kókó láàárọ̀ lè mú abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó má baà gbàgbé, kí abọ́ náà máa gbé ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ń gbé.

Ọ̀pọ̀ ìlú ni ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá, tí àwọn obìnrin bá ti dojú dúrọ́ọ̀mù òjò dé sí ẹ̀yìnkùlé, ìpàdé oṣù náà ni ó yẹ kí wọ́n ti pín gọ́tà àdúgbò fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò wá ọmọlanke tí yóò kó ẹrẹ̀ náà kúrò ní etí ọ̀nà ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá wà á.