Èdè-Ìperí fún Dídáwọ́ Ẹja Pípa Dúró: Àpẹẹrẹ láti Odò Ọ̀ṣun

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń fún olùkọ́ àti ògbufọ̀ ní wàhálà. Bí ìlú tàbí ìjọba bá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pẹja níbì kan, kí ni a óò pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni 'èèwọ̀'. Àwọn mìíràn a máa lo 'òfin'. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dára ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kájú gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ilé-ìwé kan ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ náà ti mọ̀ láti ilé pé a kì í pẹja nínú Igbó Ọ̀ṣun. Bí olùkọ́ bá wá kọ́ ọ ní kíláàsì pé àwọn ará Gáánà ń ṣe 'èèwọ̀ ẹja' fún oṣù kan, ohun tí yóò yé e ni pé òrìṣà kan ni ó ni ẹja ibẹ̀, àti pé wọn kì í jẹ ẹ́. Èyí kì í ṣe òótọ́. Kí ẹja lè pọ̀ fún jíjẹ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ fún oṣù náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ṣì lò ni ó yí ẹ̀kọ́ náà padà.

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, ní ọdún 1970, ni ó ti hàn gbangba pé èdè wa lè gbé irú ẹ̀kọ́ báyìí. Ohun tí ó kù ni kí a máa pín èrò sí ọ̀nà tí ó yẹ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a óò kọ́kọ́ wo ìdí tí a fi ń fi ẹja sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò ya oríṣi àṣẹ mẹ́ta sọ́tọ̀, tí a óò sì dábàá orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Ìdí tí a fi ń fi ẹja sílẹ̀

Ẹja kì í bímọ nígbà gbogbo, kì í sì í bímọ níbi gbogbo. Àrọ̀, fún àpẹẹrẹ, a máa dúró de àkókò òjò. Bí odò bá kún tí omi sì bo etí rẹ̀, àrọ̀ a fi ibú sílẹ̀, a lọ yé ẹyin síbi tí omi ti bo koríko mọ́lẹ̀. Akọ a tú àtọ̀ sí ẹyin náà lórí, ẹyin a sì lẹ̀ mọ́ koríko. Nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì ni yóò fi pa. Ẹni tí ó bá dẹ ìgèrè sí ojú ọ̀nà àrọ̀ lásìkò yìí kò pa ẹja kan ṣoṣo. Ó pa gbogbo ọmọ tí ẹja náà ìbá bí mọ́ ọn.

Ti epìyà yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀, òbí a máa kó ẹyin sí ẹnu títí wọn yóò fi pa, a sì tún máa gba àwọn ọmọ náà sẹ́nu bí ewu bá dé. Bí ìwọ̀ bá mú irú òbí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹnu rẹ̀ ti bá a lọ.

Láti inú àlàyé yìí ni a ti lè rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà dáàbò bo ẹja: kí a fi ibì kan sílẹ̀ fún un, kí a fi àsìkò kan sílẹ̀ fún un, tàbí kí a dáwọ́ dúró nígbà tí a bá rí i pé iye rẹ̀ ti dín kù.

3. Ibi àìpẹja

Oríkì tí a fún ibi àìpẹja ni èyí: apá odò, adágún tàbí òkun tí a kì í ti í pẹja nígbàkúgbà, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù lọ ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìtàn ìlú náà sọ pé nígbà tí Láròóyè, Atáọ́ja àkọ́kọ́, rúbọ sí odò, ẹja ńlá kan jáde wá sí ọwọ́ tí ó tẹ́. Láti inú ìtàn yìí ni wọ́n ti ṣàlàyé oyè náà: A-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ẹja ni ìkọ̀ Ọ̀ṣun, a kì í sì í fi ìwọ̀ mú ìkọ̀. Nítorí náà, ẹja pípa, ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe nínú igbó náà.

Èèwọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn kan ti ń pẹja, wọ́n sì ti ń gé igi nínú igbó náà. Susanne Wenger, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wà lára àwọn tí ó dìde láti dá a padà sípò, òun pẹ̀lú àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n hẹ́kítà 75, ní ọdún 2005, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ẹ kíyè sí i pé èèwọ̀ àti òfin pàdé lórí ilẹ̀ kan náà níhìn-ín, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń sọ fún apẹja. Èyí fi hàn pé 'èèwọ̀' àti 'òfin' kì í ṣe orúkọ ohun tí a ń ṣe. Orúkọ àṣẹ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Ohun tí a ń ṣe gan-an ni kí a má pẹja níbẹ̀, òun ni a sì ń pè ní ibi àìpẹja.

4. Àsìkò àìpẹja

Àsìkò àìpẹja ni ìwọ̀n ìgbà tí a mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, tí a kò gbọ́dọ̀ fi pẹja, ṣùgbọ́n tí a óò padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá ti parí.

Ní ìlú Argungu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, apá odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Mata Fada. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja níbẹ̀ títí di ọjọ́ ọdún ẹja, nígbà tí ọ̀pọ̀ apẹja máa ń bẹ́ sí omi pọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèǹgbè. Ọdún 1934 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Bí Mata Fada bá jẹ́ ibi àìpẹja bí Igbó Ọ̀ṣun, kò ní sí ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Ṣíṣí tí wọ́n ń ṣí i ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àsìkò.

Gáánà ni àpẹẹrẹ kejì. Ní ọdún 2018, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ dáwọ́ ẹja pípa dúró lójú òkun fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn apẹja kò gbà, wọ́n sì sún un síwájú. Ní ọdún 2019, láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kékeré dúró sílé fún ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ ètò náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ògbufọ̀ ni pé apẹja tí ó ní ọmọ láti bọ́ yóò fẹ́ mọ ọjọ́ tí àṣẹ yóò tán ṣáájú ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní òpin nínú yóò dẹ́rù bà á.

5. Ìdádúró ẹja pípa

Ìdádúró ẹja pípa ni àṣẹ tí a pa láìròtẹ́lẹ̀, nítorí pé a rí i pé ẹja kò tó mọ́. Kò ní ọjọ́ kan pàtó lọ́dún. Ohun tí a bá rí nínú odò ni ó ń mú un wá.

Fún èyí, a óò rìn jìnnà díẹ̀, dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní steelhead. Inú odò ni wọ́n ti ń pa á. Ó lè lo ọdún kan sí mẹ́ta níbẹ̀ kí ó tó lọ sí òkun, níbi tí yóò ti dàgbà, kí ó tó tún padà wá yé ẹyin sínú odò. Àwọn kan lára wọn ń wọ odò ní ìgbà ọ̀gìnìtìn, tí omi tutù tí odò sì dákẹ́. Nígbà náà ni àwọn olùfẹ́ ìwọ̀ máa ń dúró nínú omi dé itan láti wá a. Abo ẹja yìí a máa fi ìrù gbẹ́ ìtẹ́ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Nítorí náà, ẹsẹ̀ apẹja lásán tó láti ba ẹyin jẹ́, bí kò tilẹ̀ ju ìwọ̀ rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń ka iye ẹja tí ó padà. Bí kò bá tó, wọn a ti odò náà, nígbà mìíràn láti afárá kan dé òmíràn péré. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Washington ti ọ̀pọ̀ odò etíkun wọn nítorí pé steelhead tí ó padà kéré jù. Apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa béèrè bí odò bá wà ní ṣíṣí kí ó tó kúrò nílé. Kì í sọ pé, "Èmi nìkan ni mo wà níbí, ta ni yóò rí mi?" Dídákẹ́ odò kò túmọ̀ sí ìyọ̀ǹda.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún jẹ yọ níbẹ̀. Èkíní ni gbèdéke ẹja, ìyẹn iye tàbí ìwọ̀n ẹja tí ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èkejì ni ìdápadà, èyí tí í ṣe pé kí a yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja kí a sì fi í sílẹ̀ láàyè nínú omi. Wọ́n ti gé lẹbẹ kékeré ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ steelhead tí ènìyàn sìn kí wọ́n tó tú wọn sódò. Èyí tí lẹbẹ rẹ̀ bá pé ni a kà sí ẹja àbáláyé, ìdápadà ni a sì máa ń ṣe fún un.

6. Àlàyé lórí ìṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ náà

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'àì-' ni a fi kún 'pẹja' láti ṣẹ̀dá 'àìpẹja', gẹ́gẹ́ bí a ti ní 'àìsùn' àti 'àìjẹun'. Ẹnì kan lè sọ pé 'àìpẹja' lè túmọ̀ sí pé apẹja lọ sódò ṣùgbọ́n kò rí ẹja mú. A kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé 'àìrí ẹja pa' ni Yorùbá ń pe ìyẹn. Bí a bá sì fi 'ibi' tàbí 'àsìkò' ṣáájú 'àìpẹja', kò sí iyèméjì mọ́.

'Ìdádúró' wá láti ara 'dá dúró'. A yàn án nítorí pé ohun tí a dá dúró ṣì lè tẹ̀síwájú. Bí ògbufọ̀ bá wá fẹ́ sọ ẹni tí ó pàṣẹ, kí ó fi ìyẹn kún un lọ́tọ̀: ibi àìpẹja nípa èèwọ̀, àsìkò àìpẹja nípa òfin, ìdádúró ẹja pípa nípa àdéhùn àwọn apẹja. Báyìí ni a óò fi máa dáhùn ìbéèrè méjì tí ó yàtọ̀: kí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe, àti ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?

7. Àgbálọgbábọ̀

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa wò ó pé ọ̀rọ̀ lásán ni a ń pín sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí odò Ọ̀ṣun. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni àwọ̀ omi rẹ̀ ti yí padà, tí ó ń ṣàn bí omi ẹrẹ̀. Ara ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lókè odò náà. Ẹrẹ̀ a máa bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà máa ń fi fa góòlù jáde sì jẹ́ májèlé fún ẹja àti ènìyàn.

Ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ̀ pé a kì í ju ìwọ̀ sí ibẹ̀, tí kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sọ pé a pa àṣẹ náà mọ́, nítorí pé kò sí apẹja ní etí odò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti kọ́ pé ibi àìpẹja jẹ́ ibi tí a fi sílẹ̀ kí ẹja lè yé ẹyin kí ó sì yè, yóò béèrè ohun tí ẹrẹ̀ ń wá níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lè béèrè ní èdè tiwọn. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ láti dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lẹ́nu iṣẹ́ yín, kí ẹ sì tún wọn ṣe níbi tí ó bá yẹ.