Ẹ̀wà Gbígbìn Nínú Korobá

Ní ọdún 2024, owó ẹ̀wà lọ sókè ní Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí kóńgò kan di ohun tí ìyàwó ilé ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rà. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré, nítorí ẹ̀wà ni ẹran tálákà: nǹkan bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀wà gbígbẹ ni èròjà tí ń mú ara ọmọdé dàgbà. Ǹjẹ́ ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé tóóró lọ ní ìlú ńlá lè gbin díẹ̀ fún ara rẹ̀? Ó lè ṣe é, bí ó bá mọ irú èyí tí yóò gbìn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn a máa gbin ẹ̀wà kúkúrú kan, olódòdó pupa, sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ṣùgbọ́n orí òkè tútù ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni ẹ̀wà náà ti ṣẹ̀. Bí ooru bá mú un, òdòdó rẹ̀ a rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó bá gbìn ín sí Èkó tàbí Kánò lè rí ewé, kí ó má rí èso. Ẹ̀wà tiwa, tí ó ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, kò bẹ̀rù ooru.

Síbẹ̀, irú tiwa pàápàá yàtọ̀ síra: òmíràn ń fà nílẹ̀, òmíràn ń dúró ṣánṣán. Èyí tí ń dúró ni ó yẹ korobá. Àwọn onímọ̀ ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, àti àwọn ti Samaru ní Zaria, ti mú irú èyí tí ń tètè gbó jáde. Òmíràn kò gbà ju nǹkan bí 60 ọjọ́ lọ. Ó sàn kí a béèrè irúgbìn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, nítorí ẹ̀wà ọjà lè jẹ́ ti afàlẹ̀.

Kí korobá náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a sì lu ihò sí ìdí rẹ̀, nítorí omi tí kò rí ọ̀nà jáde ni í mú gbòǹgbò jẹrà. Kí a po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn díẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jinná dáadáa. Kí ajílẹ̀ má pọ̀ jù: ẹ̀wà ní kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò, níbi tí àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ fún un. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Hóró mẹ́ta ni kí a rì sínú ilẹ̀ ní íǹṣì kan. Bí wọ́n bá hù, kí a fa èyí tí kò lágbára tu. Kí korobá wà níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Ní ìhà gúúsù, oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án dára, kí èso lè gbó nígbà tí òjò bá ń dáwọ́ dúró.

Kòkòrò ni ọ̀tá rẹ̀. Ọwọ́ ni kí a fi ṣa àwọn ńlá. Omi ọṣẹ díẹ̀ tó fún àwọn wẹ́wẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oògùn ẹ̀fọn tàbí ti aáyán wọ́n ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos ní ọjà, nítorí ìpalára tí oògùn náà ń ṣe.

Korobá mélòó kan kò lè rọ́pò oko Kánò àti Bọ́rnò. Ojúṣe ìjọba ṣì ni láti dáàbò bo àgbẹ̀ àti láti tún ọ̀nà oko ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà tútù lẹ́yìn ilé rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan.