Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tàbí Linux tuntun sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí iṣẹ́ náà lọ déédé títí dé òpin, ṣùgbọ́n tí ó pa ẹ̀rọ tán, tí ó tún un tàn, tí ayárabíàṣá wá dúró gbagidi, tí ojú rẹ̀ ṣú dùdù, kò ní ṣàìgbọ̀n jìnnìjìnnì. Ohun tí ó sì máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí òun nu gbogbo rẹ̀ nù, kí òun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ètò tuntun náà wà níbi tí a gbé e sí, fáìlì ẹni kò sì sọnù. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó dí.

Kí Windows tàbí Linux tó jí rárá, ètò kékeré kan tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi sínú rẹ̀ ni ó ń ṣáájú wọn jí, tí ó dúró bí oníbodè ìlú àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá láìjẹ́ pé ó dá a mọ̀. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní ọdún 1981, tí à ń pè ní BIOS, kò mọ̀ ju kí ó ka apá àkọ́kọ́ lórí dísíìkì, kí ó sì ṣe ohun tí ó bá níbẹ̀. Báìtì 512 péré sì ni apá náà. UEFI tí ó rọ́pò rẹ̀ a máa wá fáìlì kan ní àyè kékeré tí a pín sọ́tọ̀ fún un lórí dísíìkì. Nítorí náà, bí a bá fi ètò sórí ẹ̀rọ ní ìlànà BIOS, tí ẹ̀rọ sì ń wá a ní ìlànà UEFI, wọn kò ní rí ara wọn.

Oníbodè yìí a tún máa béèrè ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ Secure Boot nìyẹn, èyí tí ó gbòde pẹ̀lú Windows 8 ní ọdún 2012: ètò tí kò bá ní òǹtẹ̀ tí ó mọ̀ kò ní wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti dènà àwọn ètò ògbólógbòó tí ó ń jí Linux, tí àléébù wà lára wọn. Wọ́n ní kò ní kan ẹ̀rọ tí Windows àti Linux jọ ń gbé, ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n, Linux sì kọ̀ láti jí lórí púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, fáìlì wọn wà níbẹ̀: àwọn tí ó pa Secure Boot, tí wọ́n wọ inú Linux, tí wọ́n fi àṣẹ mokutil pa òfin tuntun tí àtúnṣe náà mú wá rẹ́, padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀sọ̀, nígbà náà, ni kí a fi wádìí ọ̀ràn yìí. Ẹ kọ́kọ́ yọ fúláṣì tí ẹ fi ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ má baà máa wá ètò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tàn án, ẹ tẹ F2 tàbí Delete (bọ́tìnnì náà lè yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ) láti ṣí ojú ewé ìṣètò oníbodè náà, kí ẹ wo bí orúkọ dísíìkì bá hàn. Bí kò bá hàn, wáyà tàbí dísíìkì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ó bá hàn, ẹ fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá ètò, lẹ́yìn náà ẹ wo ìlànà UEFI àti Secure Boot. Bí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ fi fúláṣì Linux tan ẹ̀rọ, kí ẹ kó fáìlì yín jáde, kí ẹ tó ṣe àtúnṣe kankan.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti da fáìlì kọ síbòmíràn, kí a sì ti kọ nọ́ńbà olójú 48 tí a fi ń ṣí BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti dísíìkì pa, sílẹ̀, nítorí Windows lè béèrè rẹ̀ bí a bá ti fọwọ́ kan Secure Boot. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà fáìlì, tí kò sì ní nọ́ńbà náà, ni ọ̀ràn ojú dúdú yìí lè di àdánù gidi fún.